Orí Keje: Ẹ̀rí Ìyá Mùrítàlá

Igbá omi kejì ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sí Mùrítàlá lára tí Etí fi jí. Súwébátù gbọ́ ọ láti ìta, níbi tí ó jókòó sí lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri mọ́ṣáláṣí. Ó kọ́kọ́ kùn bí ẹ̀fọn. Lẹ́yìn náà ni ìkarahun rẹ̀ là lára ògiri, ìmọ́lẹ̀ funfun sì rọra yọ jáde bí ìgbà tí ìgbín bá ń yọ ojú. Àwọn ọkùnrin tí ń wẹ òkú lẹ́yìn aṣọ ìkélé dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ìgbà tí ìjọba ti gbé ẹ̀rọ yìí kọ́ ògiri gbogbo ilé ìjọsìn, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé bí Etí bá ti jí, kí olúkúlùkù so ahọ́n rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí àgbò iléyá.

"Ẹ máa dà á lọ." Ohùn Lèmọ́mù Sànúsí nìyẹn. "Omi kì í purọ́. Kò sí ohun tí Etí máa rí mú níbẹ̀."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín, ó sì yára fi ikọ́ bò ó. Omi tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Súwébátù tẹ́tí sí omi náà bí ẹni ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni títún aṣọ-oòrùn rán, àwọn aṣọ dúdú wọ̀nyẹn tí àwọn ará Ìdí-Ọ̀sà ń ta sórí òrùlé láti fi gba iná lọ́wọ́ oòrùn, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í sinmi. Lónìí, ọwọ́ náà dùbúlẹ̀ lórí itan rẹ̀ bí ẹja tó ti kú. Ní ayé àwọn ìyá rẹ̀, àwọn àgbà ìbá ti gbé e kúrò níbí. Òbí kì í mọ sàréè ọmọ. Wọn a tan ìyá lọ sí ilé àbúrò rẹ̀, wọn a sin ọmọ, wọn a sì tẹ́ ilẹ̀ náà pẹrẹsẹ kí ojú ìyá má baà dá a mọ̀ láé. Ṣùgbọ́n òfin tòde òní kò mọ ọ̀fọ̀. Òfin ní ẹ̀jẹ̀ òkú ni kí ó jẹ́rìí sí òkú, Múrí kò sì ní ẹ̀jẹ̀ mìíràn lókè eèpẹ̀ àfi ìyá tó bí i.

Bàbá Àdínì Ràímì fa àpótí kan súnmọ́ ọn, ó jókòó. Ọkùnrin olówó ni, òun ló ni ẹ̀rọ tí ń sọ omi iyọ̀ di omi mímu ní ìlú náà, agbádá rẹ̀ sì máa ń jókòó lẹ́yìn tí òun alára bá ti jókòó.

"Ìyá Múrí, ẹ kú ìrọ́jú."

"Ẹ ṣeun, Bàbá Àdínì."

"Mo ní kí n tún bá yín sọ ọ́ kí Olùwọ̀n tí ìjọba ń rán wá tó dé. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ẹ ó gbé ọwọ́ lé àwo ìjẹ́rìí, Lèmọ́mù á bi yín irú èèyàn tí ó jẹ́, ẹ ó ní, 'Kì í ṣe tiwa.' Ó parí."

"Ó parí fún ta ni?"

"Fún gbogbo wa."

"Fún Múrí ńkọ́?"

Ràímì yí ojú sí ọ̀sà. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Òkú tí ẹ̀sìn kankan kò bá gbà, a kì í kírun sí i lára. Ọkọ̀ ìjọba ni yóò wá gbé e ní ìrọ̀lẹ́, wọn a so òkúta mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, wọn a sì jẹ́ kí omi gbé e mì. Láti ìgbà tí òkun ti gba ilẹ̀, ilẹ̀ gbígbẹ ti wọ́n ju kí wọ́n máa fún ẹni tí kò ní ẹnìkan.

"Ẹ wo àwọn ará ìjọ òdìkejì ọ̀sà," ni Ràímì tún wí. "Lọ́dún tó kọjá ni ìjọba kan pátákó Pípé mọ́ wọn lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí àbàwọ́n kan ṣoṣo lórúkọ wọn."

"Àwọn mélòó ló kù?"

"Ẹ ní kí ni?"

"Nínú ìjọ náà. Àwọn mélòó ló kù, Bàbá Àdínì?"

Ràímì fi ìka họ irùngbọ̀n. "Mẹ́fà."

"Ilé ìjọsìn wọn kì í gba èrò tán nígbà tí mo dé ìlú yìí. Ẹni tó bá jalè, wọ́n á ní kì í ṣe tiwọn. Ẹni tó bá mutí, kì í ṣe tiwọn. Mo gbọ́ pé àwọn mẹ́fà tó kù gan-an kì í kí ara wọn mọ́, kí ọ̀kan má baà kó bá èkejì."

Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ gbé Ràímì, ṣùgbọ́n ó rántí ibi tí wọ́n jókòó sí. "Ẹ̀fẹ̀ kọ́, ìyá. A ti ní àbàwọ́n méjì. Bí a bá ní tiwa ni, ohun tó ṣe lórí omi á di ẹ̀kẹta, ilẹ̀ ìsìnkú wa lọ nìyẹn. Ẹ sì mọ bí a ṣe kó ti àkọ́kọ́."

Ta ni kò mọ̀ ọ́n ní Ìdí-Ọ̀sà? Ọjọ́ tí Bùráímọ̀ kú ni. Bùráímọ̀ yìí ta omi oníyọ̀ fún àwọn aboyún ní iye omi mímu, ó sì ń fi ọwọ́ pa ikùn ara rẹ̀ bí ẹni tó yó nígbà tí wọ́n bá ń bì. Lèmọ́mù dúró níwájú òkú rẹ̀, ó béèrè bí àwọn baba ti ń béèrè láti ọjọ́ pípẹ́: "Ẹ̀yin èèyàn, irú èèyàn wo ni Bùráímọ̀?" Gbogbo jámọ̀ sì dáhùn bí àwọn baba ti ń dáhùn: "Ẹni rere ni!" Ta ni í dúró lórí òkú kí ó máa ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀? Àánú ni gbólóhùn yẹn, kì í ṣe ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n Etí kò mọ àánú. Ìwọ̀n tí ó ń ṣe kò ju kí ó wò ó bóyá ohun tó wà lẹ́nu náà ló wà lọ́kàn. Ó pọ́n wẹ̀ẹ̀ lórí ògiri lọ́jọ́ náà bí ojú ẹni tí ata ta sí, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé odidi jámọ̀ purọ́ lórúkọ ẹ̀sìn, ní ohùn kan ṣoṣo. Títí dòní, bí iyọ̀ bá pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ ní Ìdí-Ọ̀sà, ẹni tó tọ́ ọ wò á fà sẹ́yìn, á ní, "Ẹni rere ni!" Àbàwọ́n kejì ni ti bàbá ìyàwó kan tí ó dìde níbi yìgì ọmọ rẹ̀, tí ó ní inú òun dùn sí ọkọ náà.

"Mo mọ bí a ṣe kó o," ni Súwébátù wí.

"Ó dáa. Ọkọ yín wà lórí òkè yẹn. Àwọn òbí mi wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá gba ilẹ̀ náà, ilé ni wọ́n máa kọ́ sórí wọn." Ràímì rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọmọ kan nìyí, ìyá. Ọmọ kan tí ó sì ti…"

Kò parí rẹ̀. Mọ́díínà ti dé etí ẹní.

Ràímì dìde, ó kó agbádá rẹ̀ jọ, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mọ́díínà jókòó. Ilé rẹ̀ àti ti Súwébátù dojú kọ ara wọn lórí òpó, afárá pákó kan ló wà láàárín wọn, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì jọ tọ́ àwọn ọmọ wọn lórí afárá náà. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ti rì, ẹnìkan nínú wọn kò tíì gba orí rẹ̀ kọjá.

Mùrítàlá ló wa ọkọ̀ náà. Ìjì bá wọn láàárín ọ̀sà, ọkọ̀ là. Ẹ̀wù ẹ̀mí kan ṣoṣo, tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì, ló wà nínú rẹ̀, èyí tí òfin ní kí atukọ̀ fi wọ ẹni tó bá kéré jù. Múrí wọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Ó lúwẹ̀ẹ́ kúrò níbẹ̀, ohùn àwọn èrò rẹ̀ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ti rí òkú àwọn yòókù. Àmínátù, ọmọ Mọ́díínà, nìkan ni omi kò tíì dá padà. Nígbà tí Múrí délé, ó dùbúlẹ̀ sórí pákó, kò jẹ, kò mu, ẹnikẹ́ni kò sì kan ilẹ̀kùn wọn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà, ó gbé ọkọ̀ kékeré, ó wà á lọ sí ibi tí ìjì ti bá wọn. Òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé bọ̀. Ẹnìkan kò mọ̀ bóyá ó lọ wá àwọn òkú ni àbí ó lọ wá ikú. Ìyá rẹ̀ pàápàá kò mọ̀.

"Omi kò tíì dá a padà," ni Mọ́díínà wí.

"Mo mọ̀, Ìyá Àmínà."

"Etí ọ̀sà ni mo sùn lánàá."

"Mo rí iná yín."

Mọ́díínà ń fi ọwọ́ tún etí ẹní tó tú tò, ó ń ki okùn koríko kan sínú èkejì. "Bí omi bá dá a padà lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti lọ, ibo ni n ó gbé e sí?"

Súwébátù di òdìkejì etí ẹní náà mú fún un.

"Mi ò bá ìjà wá," ni Mọ́díínà wí. "Ìbínú ti gbẹ nínú mi. Ibì kan ni mo ń wá. Ibi tí n ó ti máa sọ pé, 'Ó wà níbí.' Ìyẹn náà ni."

Ó dìde, ó lọ jókòó láàárín àwọn obìnrin. Súwébátù wò ó títí ó fi jókòó. Nígbà yẹn ni ó mọ ohun tí òun máa sọ bí òun bá gbé ọwọ́ lé àwo, ara rẹ̀ sì tutù bí ti ẹni tí wọ́n ń wẹ̀ nínú ilé.

Nígbà tí wọ́n gbé òkú jáde, tí wọ́n ti fi aṣọ funfun wé e, ọkọ̀ Olùwọ̀n ti gúnlẹ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ni, Tẹniọlá lorúkọ rẹ̀, ó fi ìborí bo orí láti bọ̀wọ̀ fún wọn, ó bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé ẹnìkan ní kí ó bọ́ ọ. Ó kúnlẹ̀ kí Lèmọ́mù. Ó kí Súwébátù, ó ní, "Ẹ kú ìrọ́jú, mà," ohùn rẹ̀ kò sì jọ ohùn iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó gbé àwo ìjẹ́rìí jáde, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì kékeré níwájú òkú. Ó funfun, ó tẹ́jú, kò ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ.

"Olùwọ̀n," ni Lèmọ́mù wí, "mo ní ìbéèrè kan fún ọ kí a tó bẹ̀rẹ̀."

"Bàbá, ẹ bi mí léèrè nígbà tó kọjá."

"Ìdáhùn rẹ kò yó mi ni mo ṣe padà wá. Bí atukọ̀ bá ṣìnà lórí omi, ṣé ìràwọ̀ tí ó ń wò ni ẹ máa mú?"

Bí ó ti sọ "atukọ̀" tán ni ó rántí ìyá tó jókòó, ojú sì tì í. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ dà bí ẹyin.

Tẹniọlá dáhùn jẹ́jẹ́. "Bí gbogbo atukọ̀ tí ń wo ìràwọ̀ náà bá ń ṣìnà ńkọ́, Bàbá? Ṣé a ò ní wo ìràwọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì?"

"Ìràwọ̀ kò yẹ̀. Ojú wọn ló ṣú. Ẹ̀sìn pé, ọmọ mi. Àwa tí à ń ṣe é ni a kò pé."

"Ẹ fi í hàn mí, Bàbá."

"Kí ni?"

"Ẹ̀sìn náà. Ẹ fi í hàn mí níbi tí kò sí ẹlẹ́sìn. Mo ti dé ilé ìjọsìn tó wà ní àgbègbè yìí tán. Gbogbo wọn ló ń sọ ohun tí ẹ sọ yìí. Èèyàn ni mo ń bá níbẹ̀, mi ò tíì bá ẹ̀sìn kankan nílé."

Àwọn kan kùn lẹ́yìn. Ràímì ní, "Ẹnu ọmọ yìí mú ju abẹ ìfárí lọ."

"Ẹ má bínú," ni Tẹniọlá wí. "Kì í ṣe ìwọ̀sí. Àwọn tí omi lé kúrò nílé ń sùn nínú ọkọ̀. Ìyá mi wà lára wọn. Ilẹ̀ gbígbẹ kò tó. Ẹni tó bá ní òun pé, tí ó sì fẹ́ fi ìyẹn di ilẹ̀ mú, ó yẹ ká wọ̀n ọ́n."

Ọ̀rọ̀ kò tán nínú Lèmọ́mù, ṣùgbọ́n èyí tó kù kì í ṣe èyí tí ó lè sọ fún ẹni tí ìyá rẹ̀ ń sùn nínú ọkọ̀.

"Ìyá Mùrítàlá," ni ó wí. "Ẹ wá."

Súwébátù dìde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e dé ibẹ̀, kò mọ bí ó ṣe gbé e. Ó gbé ọwọ́ lé àwo, àwo náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí iwájú orí ọmọ tí ibà ń ṣe. Lórí ògiri, Etí yí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sí i. Òkú wà níwájú rẹ̀, wọ́n ti so ó lórí, wọ́n ti so ó lẹ́sẹ̀, ó sì gùn ju bí ó ti rò lọ. Ìgbà wo ni ọmọ yìí ga tó báyìí?

"Irú èèyàn wo ni Mùrítàlá?" ni Lèmọ́mù béèrè.

Súwébátù wo àárín àwọn obìnrin. Mọ́díínà kò wò ó. Ó tẹrí ba, ọwọ́ rẹ̀ wà láàárín orúnkún rẹ̀.

"Kì í ṣe tiwa," ni Súwébátù wí.

Ràímì mí kanlẹ̀. Etí ń kùn, ó ń wọ̀n ọ́n, ìmọ́lẹ̀ funfun náà sì dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnìkan fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé, "Àlùhámúdù…"

Nígbà náà ni ó pọ́n.

Kò pọ́n lẹ́ẹ̀kan náà bí ti ọjọ́ Bùráímọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìdí, ó ń gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀ tí ń fà nínú òwú, títí ìkarahun náà fi pọ́n tán. Súwébátù rí i. Ó tẹ ọwọ́ mọ́ àwo bí ẹni fẹ́ tì í wọnú tábìlì. "Kì í ṣe tiwa!" ni ó tún wí. "Kì í ṣe tèmi! Mi ò mọ̀ ọ́n! Ẹ ò gbọ́ ni? Mi ò bí i!" Bí ó ti ń wí ni Etí ń pọ́n sí i, títí pupa náà fi tàn dé ara aṣọ òkú.

Tẹniọlá ló rọra gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò. "Ó tó, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ó tó."

Súwébátù wólẹ̀ síbi tí ó dúró sí. Ó ti sẹ́ ọmọ rẹ̀ níṣojú ọmọ rẹ̀, lásán ni ó sì sẹ́ ẹ. Ilẹ̀ lọ, Múrí lọ, ibi tí Mọ́díínà ń wá náà lọ. Nínú gbogbo ohun tí ó lè fi ẹnu rẹ̀ gbà là láàárọ̀ yẹn, kò sí ọ̀kan tí ó kù.

"Mo sọ ọ́!" Ràímì ti ń pariwo. "Mo sọ ọ́ fún un! Ó ti tán, mẹ́ta ti pé!"

"Ràímì, jókòó," ni Lèmọ́mù wí.

"Bàbá, ilẹ̀ àwọn òbí wa…"

"Mo ní kí o jókòó." Ó yíjú sí Tẹniọlá. "Olùwọ̀n, kí ni ẹ̀rọ yín wí?"

"Ó ní ẹ̀rí náà kì í ṣe òótọ́, Bàbá."

"Ẹ̀rí pé kí ni?"

"Pé…" Ó wo òkú, ó wo ìyá. "Pé kì í ṣe tiyín."

"Bí ìyẹn kì í bá ṣe òótọ́, kí ni òótọ́?"

"Tiyín ni."

"Ẹ sọ ọ́ sókè. Àwọn tó wà lẹ́yìn kò gbọ́."

"Tiyín ni, Bàbá."

Lèmọ́mù kojú sí jámọ̀. Arúgbó ni, ó sì dà bí ẹni pé ó tún darúgbó sí i láàárín ìgbà tí Etí ń pọ́n. "Ẹ gbọ́ ọ. Ìjọba alára ló jẹ́rìí sí i. Ẹ má bi mí lónìí bóyá ẹ̀sìn pé tàbí kò pé, mi ò ní agbára rẹ̀. Ilẹ̀ ti lọ. Ṣùgbọ́n òkú wà nílẹ̀, a ti wẹ̀ ẹ́, ọmọ wa sì ni. Ẹ tò."

Wọ́n kọ́kọ́ dúró bí igi. Lẹ́yìn náà ni làdánì bọ́ síwájú. Ẹnìkan tẹ̀lé e. Èjìká ń kan èjìká títí tí ìlà kan fi kún, tí wọ́n ń tò èkejì. Nígbẹ̀yìn gbẹ́yín, Ràímì náà dìde, ó dúró ní ìparí ìlà, ojú rẹ̀ le, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Wọ́n kírun sí Mùrítàlá lára. Ìrun òkú kò ní ìforíkanlẹ̀, kò sì gùn.

Lẹ́yìn rẹ̀, Tẹniọlá gbé àwo rẹ̀ kúrò lórí tábìlì. Ó gbé èdìdì ìjọba jáde, ó dì í mú, kò mọ ibi tí yóò wò.

"Òfin ní kí n ti ilẹ̀ náà lónìí," ni ó wí. "Kò sọ wákàtí tí n ó tì í. N ó dúró di ìgbà tí oòrùn bá wọ̀."

"Olúwa á fún ìyá rẹ ní ilẹ̀ gbígbẹ," ni Lèmọ́mù wí, kò sì fi ṣe ẹ̀gàn.

Wọ́n gbé òkú gun òkè. Súwébátù tẹ̀lé e, ẹnikẹ́ni kò sì rántí àṣà mọ́ láti dá a dúró. Lórí òkè, níbi tí ilẹ̀ ti pupa tí ó sì gbẹ, àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ sàréè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bàbá Múrí. Ó rí Mọ́díínà tó ń gòkè bọ̀ lẹ́yìn àwọn obìnrin, ó sì lọ kúnlẹ̀ fún un nínú eruku.

"Ìyá Àmínà. Mo gbìyànjú."

"Mo gbọ́ yín," ni Mọ́díínà wí. Ó dúró, ó ń mí gùlegùle nítorí òkè náà. "Mo gbọ́ yín nígbà tí ẹ sẹ́ ẹ. Ọlọ́run má jẹ́ kí n tún gbọ́ irú rẹ̀ mọ́."

Kò gbé e dìde, kò sì rìn kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ń wo ọ̀sà tó tẹ́ lọ títí nísàlẹ̀, tí ó ń dán bí ẹni pé kò ṣe ẹnìkan ní nǹkan rí. Ó pe Olùwọ̀n, tí ó ti tẹ̀lé wọn gun òkè.

"Ọmọ, sàréè tí a bá ti gbẹ́ kí oòrùn tó wọ̀, ti ta ni?"

Tẹniọlá wo èdìdì ọwọ́ rẹ̀. "Sàréè tí a bá ti gbẹ́ kí n tó fi èdìdì tì í, ìjọba kì í dí i, mà. Tẹni tó gbẹ́ ẹ ni."

"Bí kò bá sí òkú nínú rẹ̀?"

"Òfin kò sọ pé kí òkú wà nínú rẹ̀."

Mọ́díínà sún mọ́ àwọn tí ń gbẹ́ ilẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ fa ìlà kan sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ti Mùrítàlá, ó gùn níwọ̀nba.

"Ẹ gbẹ́ èkejì síbí," ni ó wí. "Àmínà kò ga tó ọmọkùnrin yẹn. Èjìká mi ni ó mọ."

Àwọn ọkùnrin wo ara wọn. Ọkọ́ méjì ló wà, méjèèjì sì wà lọ́wọ́ àwọn tí ń gbẹ́ ti Múrí. Oòrùn ti ń sọ̀ kalẹ̀. Súwébátù dìde nínú eruku, ó kúnlẹ̀ sí ẹnu ìlà tí Mọ́díínà fà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ méjèèjì wa ilẹ̀.